Aládùúgbò inú kébù: bí a ṣe ń dín jíjò sígínà kù lórí íntánẹ́ẹ̀tì VDSL2

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mọ́dẹ́mù yín ti ń ka 74 Mbps (mílíọ̀nù bíìtì 74 ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Lọ́jọ́ kan ẹ jí, ẹ wò ó, ó ti di 61. Òjò kò rọ̀, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan wáyà, ẹ kò sì pààrọ̀ ohunkóhun nínú ilé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnìkan ní ilé kejì gba íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lánàá, wáyà tirẹ̀ àti tiyín sì jọ ń gba inú kébù kan náà lọ sí àpótí ojú títì, níbi tí ẹ̀rọ iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì wà. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Hẹ̀rẹ̀-huru inú kébù ni àwọn ẹnjiníà ń pè ní crosstalk: sígínà orí wáyà kan ń jò sínú wáyà kejì.

Mo kọ èyí fún ẹni tó ń lo VDSL2, ìyẹn íntánẹ́ẹ̀tì tó ń yára gba inú wáyà tẹlifóònù, nílé tàbí níbi iṣẹ́, àti fún oníṣẹ́ wáyà tí wọ́n máa ń pè bí nǹkan bá dojú rú. Láti inú ilé ni mo ti bẹ̀rẹ̀ tí mo fi bọ́ síta. Mo mọ̀ pé vectoring, ọgbọ́n tí ẹ̀rọ iléeṣẹ́ fi ń pa jíjò yìí rẹ́, ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn, a ó sì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n vectoring kì í wo wáyà tó ti bàjẹ́ sàn. Ẹni tó bá gbé e lé orí wáyà tó ti dípẹtà, owó ló ná dànù.

Ohun tó ń jò àti bó ṣe ń jò

Wáyà tẹlifóònù kì í dá rìn. Méjì méjì ni wọ́n, bí ìbejì, wọ́n sì máa ń lọ́ wọn mọ́ra. Ọdún 1881 ni Alexander Graham Bell gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí. Mọ́dẹ́mù kì í ka ohun tó wà lórí wáyà kan ṣoṣo. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn ìbejì ló ń kà. Ariwo tó bá ti ìta wá máa ń ba àwọn méjèèjì bákan náà, nítorí náà bí a bá yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì, ariwo náà á pòórá. Àwọn tó ń ṣe kébù tún fi nǹkan kan kún un: wọn kì í lọ́ ìbejì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ìwọ̀n kan náà, kí wọ́n má baà kọjú síra láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ohùn èèyàn ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń rì kébù wọ̀nyẹn mọ́lẹ̀, ohùn orí tẹlifóònù kì í sì kọjá nǹkan bí 3.4 kHz. ADSL, ẹ̀gbọ́n VDSL2, gbé e dé 1.1 MHz (kHz 1,000 ni MHz kan), ADSL2+ gbé e dé 2.2 MHz. VDSL2 tó ń lo profile (ètò fíríkúẹ́ńsì) 17a dé nǹkan bí 17.7 MHz, 35b dé 35 MHz, G.fast, àbúrò VDSL2, sì dé 106 tàbí 212 MHz. Bí fíríkúẹ́ńsì bá ṣe ń ga sí i ni jíjò ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń lo ADSL fi lè wà láàárín ogún aládùúgbò tí kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, tí ẹni tó ń lo VDSL2 á sì ti mọ̀ ọ́n bí ẹnìkan ṣoṣo bá tan mọ́dẹ́mù rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ló ń gbà jò. Wọ́n ń pe àkọ́kọ́ ní NEXT: ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ ń pariwo sétí ẹ̀rọ tó ń gbọ́ràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ìpẹ̀kun kébù kan náà. VDSL2 ti bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn dé ibi tó pọ̀, nítorí ó ya fíríkúẹ́ńsì tí data fi ń bọ̀ wá sílé sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó fi ń lọ síta. FEXT ni ìkejì, òun ló sì kù tó ń dà wá láàmú. Sígínà aládùúgbò àti tiyín jọ ń rin ọ̀nà kan náà, tirẹ̀ ń jò díẹ̀díẹ̀ sínú tiyín, wọ́n sì jọ ń dé òdìkejì. Kò sí fílítà tó lè yà wọ́n, nítorí pé fíríkúẹ́ńsì kan náà ni wọ́n wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó ń ná wa. VDSL2 gé fíríkúẹ́ńsì sí wẹ́wẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 4.3125 kHz. Tone ni wọ́n ń pè wọ́n, 17a sì ní 4,096 nínú wọn. Tone kọ̀ọ̀kan ń gbé ẹrù bíìtì tirẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 4,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ariwo bá fi 3 dB (dB ni a fi ń wọn agbára sígínà àti ariwo) ga sí i, nǹkan bíi bíìtì kan ló máa já bọ́ lórí tone náà. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lórí tone 2,000, ẹ sọ 2,000 di ìlọ́po 4,000: mílíọ̀nù 8 bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 8 Mbps, ló lọ. Bí ó bá jẹ́ 6 dB, 16 Mbps ni. Kò yani lẹ́nu mọ́ pé aládùúgbò kan péré lè sọ 74 di 61.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ kọ ohun tó wà nílẹ̀ sílẹ̀

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ wọ ojú ewé mọ́dẹ́mù yín, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DSL status tàbí nǹkan tó jọ ọ́ sí. Ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀: eré tó ń sá lọ́wọ́, eré tó ga jù tó ní òun lè sá, SNR margin (àlàfo tó ṣẹ́kù kí ariwo tó borí sígínà), attenuation (bí agbára sígínà ṣe dín kù tó lójú ọ̀nà), iye CRC (àṣìṣe) àti ES (ìṣẹ́jú àáyá tó ní àṣìṣe), àti bóyá ó kọ vectoring síbẹ̀. Bí mọ́dẹ́mù yín bá ń lo chip Broadcom tó sì gba kí ẹ wọlé pẹ̀lú telnet tàbí SSH (ọ̀nà tí a fi ń kọ àṣẹ sí i láti orí kọ̀ǹpútà), àṣẹ xdslctl info --stats á kó gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tún fi --Hlog, --QLN àti --SNR rọ́pò --stats ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tọ́jú ohun tó bá kọ. Hlog ń sọ bí wáyà yín ṣe ń gbé sígínà tó lórí tone kọ̀ọ̀kan. QLN ń sọ bí ariwo ṣe pọ̀ tó nígbà tí ẹ̀rọ yín kò tíì sọ̀rọ̀.

Ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ kan, láàárọ̀ àti lálẹ́, ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́. Ó ń súni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní àkọsílẹ̀, bí oníṣẹ́ wáyà bá sọ fún un pé "bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn," kò ní èsì kankan.

Ẹ má ṣe máa pa mọ́dẹ́mù kí ẹ tún máa tàn án nítorí ìdánwò. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló ní ètò tó ń ṣọ́ wáyà, tó bá sì rí i pé ìsopọ̀ ń já léraléra, á rò pé wáyà yín ò dára, á sì dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀. Hlog àti QLN nìkan ló nílò àtúntàn, torí pé ìgbà tí mọ́dẹ́mù bá ń bẹ̀rẹ̀ ìsopọ̀ ni wọ́n ń wọ̀n wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn àtúnṣe, ó tó.

Ìgbésẹ̀ kejì: ṣé aládùúgbò ni lóòótọ́?

Kì í ṣe gbogbo ariwo ni crosstalk, àtúnṣe wọn kò sì jọra. Jíjò láti wáyà aládùúgbò máa ń rí bí àtẹ̀gùn: SNR margin á wà ní 6.2 dB, lójijì á di 4.1, á sì dúró síbẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Bí aládùúgbò náà bá jẹ́ ẹni tó ń pa ẹ̀rọ rẹ̀ lálẹ́, ẹ ó rí i tó gòkè padà ní òru, tó tún ń wálẹ̀ láàárọ̀. CRC lè pọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí aládùúgbò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, lẹ́yìn náà á rọlẹ̀. Lórí QLN, ariwo á ga lórí àwọn tone tó pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ní pàtàkì lápá òkè, ní ìrísí àwọn àgbègbè tí VDSL2 fi ń gbé data wá sílé.

Ariwo iná mànàmáná yàtọ̀. CRC á máa rọ́ wọlé bí òjò, á dáwọ́ dúró, á tún bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá wo aago, ẹ ó rí i pé ìgbà tí ẹnìkan tan iná kan báyìí tàbí ẹ̀rọ kan báyìí ni. Ẹ gbé rédíò kékeré tó ń gba AM, ẹ yí i sí ibi tí kò sí ilé iṣẹ́ rédíò kankan, kí ẹ máa gbé e kiri inú ilé. Ibi tó bá ti ń hó jù, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń dà yín láàmú wà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ṣájà olówó pọ́ọ́kú ni.

Ilé iṣẹ́ rédíò gan-an lè wọlé pẹ̀lú. Òun rọrùn láti dá mọ̀: orí tone díẹ̀ péré ló máa ń yọ sí, bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ gún aṣọ, kì í sì í kúrò lójú kan.

Bí ìṣòro bá sì ń le sí i nígbà òjò, tí ìṣòro náà sì ń rọlẹ̀ bí ilẹ̀ bá gbẹ, ẹ fi aládùúgbò sílẹ̀, omi ti wọ ojú ìsopọ̀ kan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ tún inú ilé ṣe ná

Mo ti fi bí ọ̀sẹ̀ méjì bínú sí aládùúgbò mi rí, láì jẹ́ pé ó mọ̀. Nígbẹ̀yìn, wáyà pẹlẹbẹ mítà 15 tí mo fà gba ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù fúnra mi ni ọ̀daràn. Wáyà pẹlẹbẹ kò ní ìlọ́ kankan nínú. Áńtẹ́nà rédíò ni fún VDSL2. Ìgbà tí mo gbé mọ́dẹ́mù lọ sẹ́bàá sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo gba apá tó pọ̀ padà nínú ohun tí mo ń bínú lé lórí.

Nítorí náà, ìdánwò àkọ́kọ́ rèé: ẹ fi wáyà kúkúrú so mọ́dẹ́mù mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wáyà ìta kọ́kọ́ bá pàdé, kí ẹ sì yọ gbogbo ẹ̀ka yòókù kúrò. Mo ní kí ẹ yọ wáyà ẹ̀ka fúnra rẹ̀ ní ojú ìsopọ̀ rẹ̀, kì í ṣe pé kí ẹ kàn yọ tẹlifóònù tó wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀. Wáyà tí a kò so nǹkankan mọ́ ní ìpẹ̀kun ń ṣe bí ògiri tó ń dá ohùn padà: sígínà á sáré lọ sínú rẹ̀, á gbá ìpẹ̀kun, á padà wá pa ara rẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti pínyà. Bridge tap ni wọ́n ń pe irú ẹ̀ka yìí.

Ẹ lè fi ìṣirò mú un. Ẹ wo Hlog. Bí ẹ bá rí kòtò níbì kan, ẹ fi nọ́ńbà tone tó wà ní ìsàlẹ̀ kòtò náà lọ́po 4.3125 kí ẹ lè rí fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ ní kHz. Sígínà ń rin nǹkan bíi mítà mílíọ̀nù 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú wáyà, nítorí náà bí ẹ bá fi iye MHz kòtò àkọ́kọ́ pín 50, gígùn ẹ̀ka náà ní mítà ni ẹ rí yẹn, bí kò tilẹ̀ ṣe géérégé. Kòtò lórí tone 1,160 jẹ́ nǹkan bí 5 MHz. 50 tí a fi 5 pín jẹ́ 10. Ẹ̀ka wáyà mítà mẹ́wàá kan ń bẹ níbì kan. Òmíràn á tún wà ní 15 MHz, torí pé kòtò náà máa ń tún ara rẹ̀ ṣe ní ìlọ́po mẹ́ta àti márùn-ún. Inú mi máa ń dùn tí mo bá fi ìṣirò yìí rí wáyà tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò rántí mọ́ pé ó wà lẹ́yìn ògiri.

Bí ẹ bá ṣì ń lo tẹlifóònù ilé, ẹ fi fílítà kan ṣoṣo, tó ń ya ohùn tẹlifóònù kúrò lára íntánẹ́ẹ̀tì, sí ẹnu ibi tí wáyà ti wọlé, dípò fílítà kéékèèké lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì gbogbo. Láti ara fílítà náà ni kí ẹ ti fa ìbejì wáyà kan, lára kébù Cat5e, lọ tààrà sí mọ́dẹ́mù. Ibi tí ẹ bá ti fẹ́ so ó, ẹ má ṣe tú ìlọ́ rẹ̀ ju 13 mm lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ní wáyà kẹta tó wà fún dídún agogo tẹlifóònù. Ara ẹyọ kan nínú ìbejì ló so mọ́, ó sì ń jẹ́ kí ọ̀kan wúwo ju èkejì lọ. Tẹlifóònù òde òní kò nílò rẹ̀. Ẹ yọ ọ́.

Ohun kan kù tí àwọn èèyàn kì í fura sí: ẹ̀rọ tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba inú wáyà iná ilé, tí wọ́n ń pè ní powerline. Láti nǹkan bí 2 MHz lọ sókè dé 30 MHz ló ń sọ̀rọ̀, àárín gbùngbùn ibi tí VDSL2 ń gbé. Ẹ yọ gbogbo ẹ̀rọ powerline yín kúrò lára iná fún wákàtí kan, kí ẹ sì wo SNR margin. Bí ó bá gòkè, ẹ ti rí aládùúgbò yín: inú ilé yín ló ń gbé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: wáyà tó wà láàárín ilé àti àpótí ojú títì

Ibí yìí kì í ṣe tiyín mọ́, ti iléeṣẹ́ ni. Ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ wọn kò gbọ́dọ̀ ṣí i. Oníṣẹ́ náà pàápàá kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan wáyà nígbà tí àrá bá ń sán, kó sì rántí pé ó tó nǹkan bí 50 fólítì tó máa ń wà lórí wáyà tẹlifóònù, tí yóò sì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí agogo bá ń dún.

Ohun tí a ń wá ni ìdọ́gba. Agbára tí ìbejì ní láti lé ariwo dànù wá láti inú pé àwọn méjèèjì jọra. Bí ojú ìsopọ̀ kan bá dípẹtà, tí ọ̀kan sì ń dènà iná ju èkejì lọ, ariwo kò ní bà wọ́n dọ́gba mọ́, èyí tó yẹ kó pòórá á kù sílẹ̀. Ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ilẹ̀, ẹ wọn àwọn méjèèjì síra wọn, kí ẹ sì fi iye wọn wé ara wọn. Kébù 0.4 mm máa ń ní nǹkan bí 280 ọ́ọ̀mù fún kìlómítà kan ní àlọ àti àbọ̀; bí tiyín bá fi púpọ̀ ju ìyẹn lọ, ojú ìsopọ̀ kan ti ń ṣàìsàn.

Àbùkù tó burú jù, tí mo sì máa ń rí àwọn oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ tó ń gbójú fò ó, ni split pair. Nígbà tí wọ́n ń so kébù, ẹnìkan mú wáyà kan láti inú ìbejì kìn-ín-ní, ó mú òmíràn láti inú ìbejì kejì, ó sì so wọ́n pọ̀ bí ẹni pé ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Ẹ̀rọ mítà á ní ó dára: iná ń lọ, iná ń bọ̀. Tẹlifóònù á dún ketekete. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò lọ́ mọ́ra wọn. Ẹni tí wọ́n lọ́ mọ́ ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Jíjò á wọlé bí omi tó ya odò. TDR, ẹ̀rọ tó ń rán sígínà kúkúrú sínú wáyà láti wá ibi tó ti bàjẹ́, lè fi ibi tó ti ṣẹlẹ̀ hàn, wíwọn jíjò láti inú ìbejì kan sí èkejì yóò sì fi hàn kíákíá. Bí ilé méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá jọ ń ṣàròyé lójú ọjọ́ kan náà, èyí ló yẹ kó kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn.

Bí wáyà bá dára tí jíjò sì ṣì pọ̀, ẹ béèrè bóyá ìbejì kan wà lófìfo nínú kébù náà tí wọ́n lè gbé yín sí. Nínú gbogbo aládùúgbò tó wà nínú kébù, àwọn kan tí kò pọ̀ ló máa ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ariwo, àwọn tó sún mọ́ yín jù. Sísún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lè ṣe bẹbẹ, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ni fún ẹni tó wà nídìí àpótí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹni tó ń pariwo jù

Ti ẹnjiníà iléeṣẹ́ ni èyí. Mọ́dẹ́mù tó wà ní mítà 50 sí àpótí àti èyí tó wà ní mítà 600, bí wọ́n bá jọ pariwo dọ́gba, igbe ti àkọ́kọ́ á bo ohùn ìkejì mọ́lẹ̀ kó tó dé àpótí. Nítorí èyí ni UPBO fi wà: ó ń sọ fún ẹni tó wà nítòsí pé kó rọra sọ̀rọ̀. DPBO ń ṣe irú rẹ̀ ní ìhà kejì: ó ń dín agbára VDSL2 tó ti inú àpótí jáde kù níbi tí ADSL ti ń lo fíríkúẹ́ńsì kan náà, torí pé ADSL náà ti rìn láti ibi jíjìn wá, ó sì ti rẹ̀ ẹ́.

Ẹ tún wo MAXSNRM, òpin tí iléeṣẹ́ ń fi sí SNR margin. Ẹni tó ra 40 Mbps tí wáyà rẹ̀ sì lè gbé 90 lè máa sá eré 40 rẹ̀ pẹ̀lú margin 18 dB. Igbe asán ni ìyẹn. Bí ẹ bá fi òpin sí margin tó ga jù, ẹ̀rọ á dín agbára rẹ̀ kù, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sì rí ìsinmi, òun kò sì ní pàdánù nǹkankan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: vectoring

Títí di ibí, dídín ariwo kù ni a ń ṣe. Vectoring ń gba ọ̀nà mìíràn: ó ń pa á rẹ́. ITU-T, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà ìbánisọ̀rọ̀, gbé ìlànà rẹ̀, G.993.5, jáde ní 2010, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn VDSL2 fúnra rẹ̀.

Ẹ̀rọ DSLAM tó wà nínú àpótí ló ń bá gbogbo wáyà sọ̀rọ̀, nítorí náà ó mọ ohun tó fẹ́ sọ fún aládùúgbò yín kó tó sọ ọ́. Bí ó bá tún mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa jò sínú wáyà yín, ó lè yọ ọ́ kúrò lára sígínà yín ṣáájú kó tó rán an. Bí méjèèjì bá wá pàdé lójú ọ̀nà, ohun tó jò á kún ohun tó ti dín tẹ́lẹ̀, ohun tó sì máa dé ọ̀dọ̀ yín á mọ́ kedere. Fún data tó ń lọ síta, ẹ̀yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti dé ni DSLAM ń yọ ọ́, torí pé àwọn mọ́dẹ́mù kò mọra wọn.

Báwo ló ṣe wá mọ bí ó ṣe ń jò? Lẹ́yìn gbogbo symbol 256 (ẹrù bíìtì tí a rán lẹ́ẹ̀kan ni symbol kan), VDSL2 máa ń rán ẹyọ kan tó wà fún kí ẹ̀rọ méjèèjì lè máa rìn pọ̀ (sync symbol), nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan ní gbogbo mílísẹ́kọ́ńdì 64. DSLAM ń kọ àpẹẹrẹ tó yàtọ̀ sórí rẹ̀ fún wáyà kọ̀ọ̀kan. Mọ́dẹ́mù yín ń wo bí ohun tó gbà ṣe yà kúrò lára ohun tó ń retí, ó sì ń rán ìròyìn àṣìṣe náà padà. Láti inú ìròyìn wọ̀nyí ni ẹ̀rọ ti ń mọ ẹni tó ń jò sí ẹni.

Iṣẹ́ náà kò kéré. Wáyà 48 ní ojú ọ̀nà jíjò 2,256 láàárín ara wọn lórí tone kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi lọ́po 4,096, ó lé ní mílíọ̀nù 9, gbogbo rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ máa bá ìyípadà lọ. Èyí ló fà á tí ẹgbẹ́ vectoring, ìyẹn àwọn wáyà tí ẹ̀rọ jọ ń ṣírò pọ̀, fi ní ìwọ̀n, tó sì fi yẹ kí ẹ béèrè bóyá ẹgbẹ́ náà kò kọjá káàdì kan (apá kan nínú DSLAM tí wáyà mélòó kan so mọ́) tàbí ó kó gbogbo àpótí pọ̀. Bí ó bá jẹ́ káàdì kan, tí aládùúgbò yín tó ń pariwo sì wà lórí káàdì kejì, àjèjì ni lójú ẹ̀rọ. Kò lè yọ ohun tí kò mọ̀.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ vectoring dá lé. Wáyà kan péré tó wà nínú kébù ṣùgbọ́n tí kò sí nínú ẹgbẹ́ lè jẹ èyí tó pọ̀ nínú èrè rẹ̀. Nítorí náà:

Iléeṣẹ́ méjì kò yẹ kó ní DSLAM ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí kébù kan náà ní fíríkúẹ́ńsì kan náà. Ìjà ńlá ni èyí dá sílẹ̀ níbi tí òfin ti gbà kí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ máa pín wáyà lò.

Mọ́dẹ́mù àtijọ́ tí kò mọ vectoring gbọ́dọ̀ gba firmware (ètò tó ń darí mọ́dẹ́mù) tuntun tó máa jẹ́ kó bá wọn gbé láì dà wọ́n láàmú. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n fi í sí ìsàlẹ̀ 2.2 MHz, kí eré rẹ̀ kéré ṣùgbọ́n kí ó má ba ti gbogbo èèyàn jẹ́. Kí wọ́n kúkú fún ẹni náà ní mọ́dẹ́mù tuntun ló dára jù.

Profile pàápàá ṣe pàtàkì. 35b ń lo tone tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 4.3125 kHz bíi ti 17a, nítorí náà àwọn méjèèjì lè wà nínú ẹgbẹ́ kan. 30a ń lo 8.625 kHz, kò sì bá wọn ṣe.

Tiyín nínú ilé kò pọ̀: kí firmware mọ́dẹ́mù wà ní ti tuntun, kí ẹ má sì máa fa wáyà tẹlifóònù yọ lára mọ́dẹ́mù tó ń ṣiṣẹ́. Bí wáyà kan bá já kúrò lójijì, bí àwọn yòókù ṣe ń jò síra wọn á yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí DSLAM ń yọ kò sì ní bá ohun tó ń jò mu mọ́ títí tó fi máa tún kọ́ ọ. Àwọn aládùúgbò lè rí àṣìṣe, ìsopọ̀ wọn tilẹ̀ lè já.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ wọ̀n ọ́n padà

Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ẹ fún wáyà ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí ẹ sì fi nọ́ńbà tuntun wé ti àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ṣe nǹkan mẹ́rin lọ́jọ́ kan kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Bí àtẹ̀gùn SNR margin bá ti dín kù ṣùgbọ́n tí CRC ṣì ń rọ́ wọlé ní wàrà-wàrà, ariwo iná ló kù; ẹ béèrè bóyá wọ́n lè tan G.inp sórí wáyà yín, tó máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ tún ohun tó bàjẹ́ rán lójú ẹsẹ̀. Kì í dín jíjò kù, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí a lè fara da ariwo ojijì láì dín eré kù púpọ̀.

Jíjìn ló kù. Ibi tí wáyà kò bá ju nǹkan bí mítà 500 lọ ni vectoring ti ń ṣe bẹbẹ jù. Níbẹ̀ 17a lè súnmọ́ 100 Mbps tàbí kó kọjá rẹ̀. Bí ó bá ti ń lọ sí kìlómítà kan, èrè rẹ̀ á ti kéré gan-an, nítorí pé wáyà fúnra rẹ̀ ti jẹ sígínà tán kí aládùúgbò tó rí nǹkan bàjẹ́. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ kò yẹ kó lo agbára rẹ̀ lórí crosstalk. Kí wọ́n gbé fáíbà sún mọ́ ọn ni kó máa béèrè. G.fast, tí vectoring ti wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tún nílò wáyà tó kúrú ju èyí lọ.

Nígbà tí ẹ bá máa kọ̀wé sí iléeṣẹ́, ẹ má kọ "íntánẹ́ẹ̀tì mi ń fà." Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí margin já wálẹ̀, iye tó wà tẹ́lẹ̀ àti iye tó dà, pé ẹ ti wọ̀n ọ́n lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ láì sí ẹ̀ka kankan, kí ẹ sì béèrè nǹkan mẹ́ta: ṣé wáyà mi wà nínú ẹgbẹ́ vectoring, ṣé gbogbo wáyà inú kébù yìí wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, ìgbà wo ni ẹ sì lè rán ẹni tó máa yẹ split pair wò?